Ọ̀já sílíńdà àtijọ́: ẹ yé fi owó yín ra okùn tí omi máa jẹ

Ẹnìkan tún gbé ọ̀já tí òmùwẹ̀ fi ń pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wá bá mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an bíi ti àtijọ́. Ó rẹwà, àfi bíi pé ìgbà tí Cousteau àti Gagnan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Aqua-Lung, ẹ̀rọ tí a fi ń mí lábẹ́ omi, jáde ní 1943 ni wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìránṣọ èjìká rẹ̀, ó já pẹ́ẹ́. Owó tó ná sórí nǹkan ọ̀hún tó ṣe méjì tó dáa!

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń rán an. Ẹ ti mọ okùn èjìká, ti ìbàdí, èyí tó gba àárín itan kọjá, àti òrùka irin tó di sílíńdà mú. Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni mò ń wí.

1. Ẹ má ra òrùka láì wọn sílíńdà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 80 fẹ̀ tó mílímítà 184, irin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 72 fẹ̀ tó nǹkan bí 175. Òrùka ti àkọ́kọ́ á máa yọ̀ lára èkejì.

2. Ẹ má fi òrùka irin tí kì í dípẹtà dì mọ́ alumíníọ̀mù láìfi rọ́bà sáàárín. Omi iyọ̀ á máa jẹ sílíńdà náà lábẹ́ òrùka, níbi tí ojú yín ò tó.

3. Okùn òwú. Ibí gan-an ló ń dùn mí. Ẹ ní ti àtijọ́, òwú ni. Òótọ́ ni. Púpọ̀ nínú ti àtijọ́ náà ló ti jẹrà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rán tuntun! Òwú ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú báàgì, ó ti bu.

Èmi náà gbọ́n ju gbogbo ayé lọ nígbà kan. Mo ra okùn òwú mítà mẹ́fà, mo sè é nínú tíì kó lè dà bí ohun tó ti gbó, mo wá fi òwú tí a fi ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rán an. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ bí ìgbà ogún. Ìgbà kẹrin tá a jọ wọ omi, mo gbọ́ "pẹ́ẹ́" lẹ́yìn etí. Èjìká òsì ti já. Sílíńdà yí sọ́tùn-ún, ó fa páìpù tí mo fi ń mí, mo fi eyín di ẹnu páìpù náà mú bí ajá tó rí egungun. Mítà mẹ́ta péré ni mo wà. Fọ́tò náà ṣì wà, ọ̀já ti di ìnulẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù mílímítà 50 ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi òwú pọliẹ́sítà rán an ní onígun mẹ́rin, kí X gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ àwọ̀ àtijọ́ lẹ ń wá, ẹ ra aláwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹja ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹ fi iná jó etí rẹ̀ kó má tú.

Mi ò rántí nọ́ńbà mọ́. Ẹ má wọn ọ̀já lórí síńgílẹ́ẹ̀tì nínú yàrá. Aṣọ rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń wọ omi ni kẹ́ ẹ wọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ sì jẹ́ kí ìdè ṣeé fà le sí i nínú omi, torí ní mítà mẹ́wàá, agbára tó ń tẹ̀ yín ti di ìlọ́po méjì, rọ́bà á fún, okùn á sì dẹ̀.

Régúlétọ̀ onípáìpù méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún yín ní afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà, kì í gbé ẹ̀yìn orí. Àárín egungun èjìká ni kó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa fa èémí bí ẹni ń fa omi nínú kànga.

Bẹ́líìtì òjé tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè rì, òun la ń wọ̀ kẹ́yìn, lórí gbogbo okùn, títí kan ti àárín itan. Ẹ wọ omi tó mu yín dé ìbàdí, ẹ dijú, ẹ fi ọwọ́ kan tú u. Ó gbọ́dọ̀ já bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé tirẹ̀ wá bá mi ṣe é lójú mi: òjé há sí àárín itan rẹ̀, ó wá dúró bí ọmọ tí ìlédìí já mọ́ nídìí.