Bí mo ṣe múra lọ wo Ẹ̀yọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yọ̀, eégún aláṣọ funfun ti Èkó, kò gba ṣùkú rárá, obìnrin tó bá di í wọ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ eré Adámú Òrìṣà, ìyẹn ọdún Ẹ̀yọ̀, ń fi ara rẹ̀ wá ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tú tèmi, mo ní kí wọ́n di kolẹ́sẹ̀ fún mi, kí gbogbo rẹ̀ forí lé ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ má fi í di òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ẹ ò ní rí onídìrí. Gèlè kò sí nínú ìmúra yìí, bí oòrùn tilẹ̀ mú, ẹ má fa ìborùn bo orí. Àwọn ọkùnrin náà ń ṣí fìlà.

Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe ọdún 50. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ọdọọdún. Èyí àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ni ti ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1854, fún Ọba Akítóyè tó wàjà.

Bàtà ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Ẹ̀yọ̀ fúnra wọn kì í wọ bàtà, àwa òǹwòran náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀dà títì a máa gbóná bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹsẹ̀ á máa jó ènìyàn, ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń yọ sálúbàtà tó fi pamọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tètè jáde, mo fẹsẹ̀ gba bíríìjì Carter láti Ìdó dé Ìdúmọ̀tà kí ilẹ̀ tó gbóná, mo sì wá abẹ́ òrùlé ìsọ̀ kan dúró sí. Sálúbàtà mi wà nísàlẹ̀ àpò, pẹ̀lú omi, plásítà àti owó wẹ́wẹ́. Sìgá, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ náà, èèwọ̀ ni.

Akẹtẹ̀ ni ẹ ó fi dá àwọn ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ mọ̀: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà, òféèfèé ni ti Oníko, àwọ̀ ewé ni ti Ológẹ̀dẹ̀, elésè àlùkò sì ni ti Àgẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò yìí náà ni wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ náà, láti ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́bọ̀. Ìgà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ààfin àwọn ìjòyè Èkó, tún ní akẹtẹ̀ tirẹ̀.

Bí Ẹ̀yọ̀ bá kọjú sí yín, ẹ má sá. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ kó fi ọ̀pá kan èjìká yín, á ní: “Mo yọ̀ fún ẹ, mo yọ̀ fún ara mi.” Ẹ ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, kí ẹ fún un lówó tí ẹ bá ní. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa o! Aròpalẹ̀, aṣọ ìró Ẹ̀yọ̀, ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì máa ń fò lójijì. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn jù á tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, ìyẹn sì burú ju kí ènìyàn má rí nǹkan kan wò lọ.

Ìgbà tí mo rékọjá bíríìjì padà dé Ìdó ni mo tó yọ sálúbàtà mi nínú àpò.