Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́: àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dá ìwé àtìgbàdégbà sílẹ̀ lórí ìlera àgbáyé

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ dá ìwé àtìgbàdégbà sílẹ̀ lórí ìlera àwùjọ lágbàáyé, owó ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ibi tí owó èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá lọ nígbà kan rí náà ni tiwọn ń bá lọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a máa tẹ ìwé nígbà tí ètò àyẹ̀wò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀dà 500 ni a tẹ àtẹ̀jáde wa kìn-ín-ní, lórí bébà tí ó ń dán. Ẹnìkan nínú wa to iye ikú àwọn ìyá àti iye ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sínú àtẹ kan ṣoṣo, ó sì kọ “nínú 1,000” sórí méjèèjì. Ikú ọmọdé ni a máa ń ṣírò lórí ọmọ 1,000 tí a bí láàyè. Ti ìyá, orí ọmọ 100,000 tí a bí láàyè ni. Báyìí ni a ṣe sọ ikú àwọn ìyá di ìlọ́po 100. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ka àtẹ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, èmi pàápàá wà lára wọn, ṣùgbọ́n sípẹ́lì ni gbogbo wa ń wò. Olùkọ́ kan ni ó pe àkíyèsí wa sí i. Nígbà náà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn ẹ̀dà tí ó kù lọ́wọ́ wa ni a fi bírò tún ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Open Journal Systems, òun sì ni yóò gba àpilẹ̀kọ wọlé, tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì gbé e jáde. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ tún ṣe àti ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i.

Èkejì, ẹ má ṣe ra “impact factor”, ìyẹn òdiwọ̀n bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ inú ìwé àtìgbàdégbà tó, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ímeèlì polówó rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé ISSN ga bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí ni. Nọ́ńbà oníhóró mẹ́jọ tí a fi ń dá ìwé àtìgbàdégbà kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn ni, kò sọ ohunkóhun nípa bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti dára tó.

Ẹ má ṣe kọ orúkọ olùkọ́ tí kò bá yín ṣiṣẹ́ sórí àpilẹ̀kọ. Ẹ má sì ṣe gba ìwádìí tí a ṣe lórí ènìyàn wọlé láìjẹ́ pé ẹ rí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ó ń mójú tó ìlànà ìwádìí. Láti ọdún 1964 ni Ìkéde Helsinki, tí ó la ìlànà ìwádìí ìṣègùn lórí ènìyàn sílẹ̀, ti wà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Èyí tí ó ń dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìfàléni-lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní pẹ́ parí ẹ̀kọ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀ ni wọ́n máa fi ń ra àdírẹ́sì ìkànnì. Olóòtú wa kẹta fi ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ ṣe é. Nígbà tí ó gboyè jáde, ilé ẹ̀kọ́ ti ímeèlì náà pa, ìwé ìránnilétí owó ọdọọdún sì ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kà á. Ọjọ́ tí mo tẹ àdírẹ́sì wa, ìkànnì tẹ́tẹ́ ni ó ṣí sílẹ̀. Ẹlòmíràn ti rà á. Àwọn tí ó ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ wa nínú iṣẹ́ tiwọn wá di ẹni tí ó ń darí òǹkàwé sọ́dọ̀ onítẹ́tẹ́. DOI, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ tí kì í yí padà, tí ó sì ń darí òǹkàwé síbi tí àpilẹ̀kọ náà wà, ìbá gbà wá ká ní a ní in, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa yí ibi tí ó ń tọ́ka sí padà nígbà tí ìkànnì bá ṣípò.

Nítorí náà, orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé ìkàwé yunifásítì ni kí ẹ fi ra àdírẹ́sì, kí ímeèlì rẹ̀ jẹ́ ti ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kó ẹ̀dà gbogbo àpilẹ̀kọ fún ilé ìkàwé náà. Ní oṣù méjì kí olóòtú tó lọ, kí ó jókòó ti ẹni tí yóò gbapò rẹ̀, kí ẹni tuntun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọlé, kí ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kí ó sì gbé àpilẹ̀kọ kan jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ẹni tí ó ń lọ.