Bí a ṣe ń gbé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sórí ìwọ̀n: ti owó-iṣẹ́ tó kéré jù

Ẹni tó bá béèrè pé “ṣé òfin yìí dára?” kò tíì béèrè tán. Ó kù kó béèrè pé ta ló dára fún, ta ló máa san án, àti báwo ni nǹkan ì bá ṣe rí ká ní wọn ò ṣe é rárá. Òfin kan ṣoṣo la máa tú palẹ̀ níbí: owó tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ san fún iṣẹ́ wákàtí kan. Dọ́là 7.25 ni láti ọjọ́ 24, oṣù Keje, 2009, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú àbá òfin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe àkọlé ìwé ìròyìn. Ọ̀fẹ́ ni congress.gov, ìkànnì Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà, nọ́ńbà àbá náà lẹ máa tẹ̀. Ẹ mú H.R. 582 ti 2019, àbá tó fẹ́ gbé owó náà dé dọ́là 15. Ilé Aṣojú gbà á wọlé lọ́jọ́ 18, oṣù Keje, pẹ̀lú ìbò 231 sí 199, àmọ́ Sẹ́nétì ò dìbò lé e. Ariwo “dọ́là 15” ló gba ìgboro. Ẹni tó kà á ló mọ̀ pé ọdún bíi mẹ́fà ni owó náà máa fi gun àkàsọ̀ débẹ̀, àti pé àbá náà fẹ́ fòpin sí dọ́là 2.13 táwọn ọ̀gá lè san fún òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tó ń gba tíìpù, iye tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1991. Ẹ fàlà sábẹ́ nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó yọ sílẹ̀, àti bóyá owó náà á máa gòkè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n rò pé bí òfin ò bá yí padà, kò sí ohun tó yí padà. Ẹ wo CPI, òṣùwọ̀n ọ̀wọ́n ọjà tí ìjọba ń gbé jáde: 215.4 ló jẹ́ ní oṣù Keje 2009; ní oṣù Keje 2024, ó ti di 314.5. Ẹ fi 215.4 pín 314.5, ẹ ó rí 1.46. Ẹ sọ 7.25 di ìlọ́po 1.46, ó di bíi dọ́là 10.59. Ohun tí 7.25 ń rà nígbà yẹn, ó ju dọ́là mẹ́wàá lọ báyìí. Òfin tó dúró sójú kan ti já owó òṣìṣẹ́ sílẹ̀, láìsí ẹni tó dìbò sí i.

Àwọn ìpínlẹ̀ náà ò dúró de Washington. Dọ́là 15 ni Maryland láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, 7.25 náà ni Texas ṣì ń lò. Ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní Baltimore, ní Maryland, òfin àpapọ̀ dọ́là 15 kò fi kọ́bọ̀ kan kún tiẹ̀. Ti ẹni tó wà ní Houston, ní Texas, ló yẹ kẹ́ ẹ kà, ohun tí wọ́n sì ń san fún un gan-an lẹ máa fi ṣírò, nítorí ó lè ti ju 7.25 lọ.

Ó wá kan ìwé CBO, ọ́fíìsì tó ń bá Ilé Aṣòfin ṣírò. Ní oṣù Keje 2019, wọ́n ní bí owó bá di dọ́là 15 ní 2025, owó òṣìṣẹ́ mílíọ̀nù 17 máa gòkè, èèyàn mílíọ̀nù 1.3 máa kúrò nínú òṣì, mílíọ̀nù 1.3 mìíràn sì máa pàdánù iṣẹ́. Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí làwọn olóṣèlú ń gbé kiri bí ẹni gbé ère. Ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e: ó lè sún mọ́ òdo, ó sì lè tó mílíọ̀nù 3.7. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín, òfófó ló ń ṣe.

Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ilé kan. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba SNAP, owó oúnjẹ ìjọba, owó-iṣẹ́ rẹ̀ sì fi dọ́là 100 lé sí i lóṣù. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ dọ́là 7.65 fún Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àwọn arúgbó). SNAP á fojú fo ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó-iṣẹ́, ó ku 80. Á wá mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún 80 náà, ìyẹn 24, kúrò nínú owó oúnjẹ. Dọ́là 68.35 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Bí owó ilé bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun tí SNAP máa gé lè tó 36, á ku 56.35. Bí owó bá sì kọjá ààlà, SNAP lọ pátápátá nìyẹn. Ẹni tó bá kọ “àǹfààní: dọ́là 100” ti ṣìṣe.

Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n gé yẹn ti di èrè ìjọba. CBO tún un ṣe ní oṣù Kejì 2021, wọ́n sì ní gbèsè ìjọba máa fi bílíọ̀nù 54 dọ́là lé sí i láàárín ọdún mẹ́wàá. Owó àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó wà lára ohun tó fà á: bí tiwọn bá gòkè, ìjọba tó ń san owó ìtọ́jú náà máa san jù.

Ní ti ìwádìí, ẹ má dúró sórí ẹyọ kan. New Jersey gbé owó láti 4.25 sí 5.05 ní oṣù Kẹrin 1992. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Alan Krueger, fi àwọn ilé oúnjẹ ibẹ̀ wé ti Pennsylvania tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò rí i pé iṣẹ́ dínkù. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Neumark àti Wascher, fi ìwé owó-oṣù àwọn ilé oúnjẹ wò ó, òdìkejì ni wọ́n rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Yàtọ̀ sí ìjà yẹn, 80 sẹ́ǹtì ni ọ̀rọ̀ New Jersey dá lé. Láti 7.25 dé 15 ju ìlọ́po méjì lọ. Kẹ́ ẹ mọ bóyá ìwádìí kan bá tiyín mu, ẹ wá owó wákàtí ẹni tó wà láàárín gbùngbùn àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà, ẹ fi pín owó tuntun. Bí èsì bá ga ju ti ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí lọ dáadáa, ẹ má gbára lé e.

Ó ku ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan àti dọ́là tó wọ àpò ẹlòmíràn kì í ṣe ọjà kan náà. Kò sí ẹ̀rọ ìṣirò tó lè bá yín pààrọ̀ wọn. Bí ẹni 17 bá jèrè, ẹni mélòó lẹ gbà pé ó lè pàdánù? Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí bébà, pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé CBO.