Bí mo ṣe yanjú ìpara irun tó ń ṣe kókó

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìpara irun tí mo ń pò nílé l'Adó-Èkìtì ṣe kókó. Tí mo bá fi ìka kàn án, á rí bíi gàrí tí omi kò kárí. Òrí tí mo rà l'Ọjà Ọba ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Irọ́ ni! Cetyl alcohol, èròjà tó ń mú kí ìpara ki, ló ń dì padà: ó di nǹkan bí 49°C kó tó yọ́, omi tútù ni mo sì ń dà lé e.

Ní báyìí, mo ń gbé omi àti òróró kaná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dé 70°C, màá wá pò wọ́n láìdáwọ́ dúró títí yóò fi tutù. Ó ń jọ̀lọ̀ wàyí. Emulsifying wax wà níbẹ̀ o, cetyl alcohol nìkan kò lè so omi mọ́ òróró.

Nítorí orúkọ "alcohol" yẹn, màmá mi ní ọtí ni mò ń fi sórí àwọn èèyàn. Rárá o, cetyl alcohol dà bí ìda ni, kì í gbẹ irun bíi sípírítì.