Bí mo ṣe fi yíìsì gbígbẹ rọ́pò yíìsì tútù nínú búrẹ́dì

Ìlànà búrẹ́dì tí mo tẹ̀ lé ní ká lo 30 gíráàmù yíìsì tútù sí kílò fúláwà kan. Yíìsì tútù ṣòroó rí l'Ékòó, ooru sì máa ń tètè bà á jẹ́. Èyí tó kún ọjà Oyíngbò àti Mushin ni yíìsì gbígbẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní instant, nínú ọ̀rá 10 tàbí 11 gíráàmù. Òun ni mo lò.

Ìdá kan nínú mẹ́ta yíìsì tútù ló tó, nítorí náà 30 gíráàmù di 10. Ká ní active dry ló wà lọ́wọ́ mi ni, èyí tí hóró rẹ̀ tóbi díẹ̀, 12.5 gíráàmù ni mi ò bá wọ̀n: ooru tí wọ́n fi gbẹ ẹ́ ti pa lára rẹ̀, àwọn tó kú sì bo àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí a fi ń wẹ ọmọ ọwọ́, 38 sí 43°C, fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá yọ fóòmù, ẹ dà á nù kó tó ba fúláwà yín jẹ́. Omi tó bá tó 60°C á pa gbogbo rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ tẹ́jú rẹ̀ gba nǹkan bíi 3 gíráàmù. Èyí tó kún gegere lè tó 5. Sikéèlì tó ń fi gíráàmù 5 fò kò wúlò níbí. Bí ẹ ò bá ní sikéèlì kékeré, ẹ tú odindi ọ̀rá 11 gíráàmù, kẹ́ ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́ta ṣíbí tíì kúrò.

Omi ló pọ̀ jù nínú yíìsì tútù, nǹkan bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi 20 mìlílítà omi dípò 20 gíráàmù tó dín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí, tí dóò wọn á sì le.

Mo po yíìsì mọ́ fúláwà kí n tó fi iyọ̀ sí i, omi ló wá kẹ́yìn. Omi tútù ni, torí ilé ìdáná ní Yábàá ti gbóná tó 32°C lọ́sàn-án, mo sì fẹ́ kí dóò wà ní nǹkan bíi 26°C. Omi tútù kò gbọdọ̀ kan yíìsì gbígbẹ ní tààrà: ohun inú rẹ̀ á jò jáde, dóò á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Fúláwà tí a ti pò ó mọ́ ló ń dáàbò bò ó.

Ìlànà náà ní kó wú fún wákàtí kan ààbọ̀. Nínú ooru yìí, ó ti di ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Mo fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ihò náà padà díẹ̀díẹ̀, kò padà tán. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Bó bá jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa rùn bí ọtí, orí búrẹ́dì á sì jìn wọlé nínú óófùn.

Bó bá jẹ́ búrẹ́dì aládùn, ṣúgà tó lé ní 100 gíráàmù sí kílò kan máa ń fa omi kúrò lára yíìsì. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún dóò aládùn, tàbí kẹ́ ẹ sọ 10 di 13.

Ìyókù inú ọ̀rá, mo ká ẹnu rẹ̀, mo fi sínú ike tó ní ìdérí, ó di inú fìrísà.