Owó tí mo fi gbé katapílà àtijọ́ dé Òṣogbo ju owó tí mo fi rà á lọ

₦900,000 ni mo ra katapílà náà. ₦1,400,000 ni mo fi gbé e láti oko kan lẹ́yìn Iléṣà dé ilẹ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yẹn kò tó 50 kìlómítà! Bí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Adágún ẹja ni mo ń bá àwọn èèyàn gbẹ́. Wákàtí-wákàtí ni àwọn tó ní katapílà ń gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì ti sú mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Caterpillar D4 àtijọ́ kan wà nínú oko kòkó tí wọ́n ti pa tì, mo lọ wò ó. 7U ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo mọ irú èyí: láàárín 1947 sí 1959 ni wọ́n ṣe é, íǹṣì 60 ló wà láàárín ṣéènì méjèèjì, ìyẹn ṣéènì irin tó fi ń rìn; kò fún bíi 6U, irú D4 kejì tó jẹ́ íǹṣì 44. Ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ni mo fẹ́ kó má baà dojú dé, torí etí kòtò ni iṣẹ́ mi. Mo wo bíléèdì rẹ̀, irin fífẹ̀ iwájú tó fi ń ti ilẹ̀, mo wo eyín tó ń yí ṣéènì, kò tíì ṣóńṣó. Mo sanwó.

“Bátìrì rẹ̀ ló kú,” ni ẹni tó tà á wí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀. Èyí tí mo rà kò ní bátìrì rárá! Ẹ́ńjìnì kékeré kan tó ń mu pẹtiróòlù wà lára rẹ̀, òun la máa kọ́kọ́ jí, òun ni yóò wá yí ẹ́ńjìnì dísù ńlá títí yóò fi jí. Ẹni tó ń pe bátìrì kò mọ ohun tó ń tà.

Lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ gbọọrọ tó ń gbé ẹ̀rọ ńlá, dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n so wáyà mọ́ katapílà, wọ́n fi wínṣì, ẹ̀rọ tó ń ká wáyà, fà á. Ṣéènì kò yí, ó kàn ń wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó takú. Lójijì, wáyà já. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tó fò gbà ni. Ọlọ́run ló yọ wá. Awakọ̀ ní òun ò fà á mọ́, àti pé ₦120,000 ni owó ìdúró lójúmọ́ tí ọkọ̀ bá fi ń dúró dè wá. A kò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú,” ló ní, “ẹni tó ni ọkọ̀ ń ka ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

A da dísù àti òróró ẹ́ńjìnì tó ti dúdú sí ṣéènì, a fi òòlù lù ú títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣáà gbà pé ìpẹtà ló dì í. Lọ́jọ́rú, òjò ò jẹ́ ká jáde. Abẹ́ tapólì la wà, owó ń lọ. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo tó gbé ìgbéraga tì, mo lọ mú Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá láti Òṣogbo.

Bàbá kò fọwọ́ kan ṣéènì. Ó gorí ìjókòó, ó di ọ̀pá jíà mú, ó mì í. Kò mì.

“Ọmọ mi, jíà ló há. Ẹ́ńjìnì ti dì, kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó já a kúrò lára jíà ti lẹ̀, ó sì wà nínú jíà. Níbo ni ṣéènì fẹ́ gbà yí?”

Wọ́n tú ìdérí jíà, Bàbá fi irin gbọọrọ ti ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sí àárín. Kò gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Wọ́n so wáyà tuntun, wínṣì fà, ṣéènì ké, ó yí! Mo pariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni inú tún bí mi: iṣẹ́ wákàtí kan àbọ̀ ló gba owó ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ojú ọ̀nà kò ní wàhálà. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá fi tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀, tó sì tò ó padà. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì kékeré ké, tí ti ńlá dá a lóhùn, tí èéfín dúdú sọ sókè, àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó. Mo ti fi gbẹ́ adágún méjì. Kò sí ẹni tó tún ń ka wákàtí mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo bá tún fẹ́ ra ọ̀kan, ọlọ́bẹ́ẹ̀dì ni màá kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó dá ẹni tó ń tà lóhùn, ká sì kọ owó ìdúró sílẹ̀. Màá mú Bàbá dání. Kó tó kan ọ̀dà tàbí bíléèdì, màá gorí ìjókòó: ṣé ọ̀pá jíà ń rìn? Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ń já? Ẹ̀rọ tó kú tí ṣéènì rẹ̀ ṣì ń yí, mo lè rà á. Èyí tí kò yí, àyàfi kí wọ́n yọ owó ìyà tí mo fẹ́ jẹ kúrò nínú iye rẹ̀.

Píìnì àti búṣì ṣéènì, àwọn irin tó so ṣéènì pọ̀, ni mo ń kówó jọ fún báyìí. Wọ́n ti jẹ lápá kan, Bàbá sì ní a lè yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́ẹ̀kan ká tó pààrọ̀ wọn.