Fóltéèjì ló ń pa processor, kì í ṣe eré: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó overclock

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ overclock kọ̀ǹpútà ilé yín (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ mú processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ), ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ká mi lára jù. Tẹ́ ẹ bá gbé GHz (eré processor) sókè jù láì fọwọ́ kan fóltéèjì (agbára tó ń ti iná wọ inú ẹ̀), á kàn hang ni tàbí kó restart fúnra ẹ̀, ẹ máa padà sínú BIOS (ibi ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó wọlé), ẹ máa dín in kù, ó tán (ẹ ṣáà ti tọ́jú fáìlì yín síbòmíràn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí Windows lè bàjẹ́ níbi tó ti ń kú tó ń jí). Ṣùgbọ́n fóltéèjì tó pọ̀ jù ò ní pariwo. Kọ̀ǹpútà á tàn, géèmù á máa lọ geerege, inú yín á máa dùn, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó fi ojú ẹ̀ hàn.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Iná tí processor ń jẹ máa ń tẹ̀lé eré ẹ̀, ṣùgbọ́n ti fóltéèjì, fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì fúnra ẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Ká ní ẹ gbé e láti 4.0 GHz lọ sí 4.5, tẹ́ ẹ wá gbé fóltéèjì láti 1.20V lọ sí 1.35V. Eré tẹ́ ẹ rí gbà ò ju nǹkan bíi 12% lọ, iná tó ń jẹ sì ti fi 42% lé, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru. Ooru ọ̀hún pẹ̀lú iná tó ń sáré kọjá nínú àwọn wáyà tíntìntín inú processor á máa ti irin wáyà náà kúrò nípò díẹ̀díẹ̀, bí àgbàrá ṣe máa ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Electromigration ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti jẹ ẹ́ dé ibì kan, fóltéèjì tó ń tó o tẹ́lẹ̀ ò ní tó o mọ́, ẹ máa wá fi kún un, ìyẹn á tún jẹ ẹ́ sí i, ẹ wá ń fi bẹntiróòlù paná nìyẹn.

Kì í ṣe àlọ́ o. Láyé Pentium 4 Northwood, ní nǹkan bíi 2002, àwọn tó gbé tiwọn kọjá 1.7V rí i tó kú lójijì, débi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Sudden Northwood Death Syndrome. Ní 2024 náà, àwọn Intel 13th gen àti 14th gen ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ò tiẹ̀ overclock rárá, torí pé fóltéèjì tí wọ́n ń béèrè ga jù, August ọdún yẹn ni Intel gbé microcode 0x129 (àtúnṣe kékeré tó ń bá BIOS wọlé) jáde tí ò jẹ́ kó kọjá 1.55V, èyí tó sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, microcode ò lè tún un ṣe. Torí náà update BIOS ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ó yá. Ẹ jẹ́ ká fi processor Intel i5-2500K ṣe àpẹẹrẹ, ó ti dàgbà ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ wo motherboard yín (pátákó tí processor jókòó lé), tó bá jẹ́ pé H61 ni chipset ẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú, kò gbà. P67, Z68 tàbí Z77 ló gbà. Ẹ fi HWiNFO (ètò tó ń fi fóltéèjì àti ooru hàn) wo fóltéèjì ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ gidi láì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ibi tẹ́ ẹ ò ní kọjá, ti 2500K, èmi ò jẹ́ kọjá 1.35V, ẹ má sì gbé nọ́mbà yìí lé processor míì lórí o, ìran kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

Ẹ má fi fóltéèjì sí Auto! Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo gbé eré sókè díẹ̀ báyìí, motherboard fúnra ẹ̀ ti gbé e lọ sí 1.44V, ooru tí mo rí ló jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọwọ́ yín kọ ọ́. 100 MHz lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi OCCT tàbí Prime95 (àwọn ètò tó ń fún processor níṣẹ́ líle) dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó bá kú, ẹ fi 0.01V kún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. LLC náà (ètò inú BIOS tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì wálẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀), ẹ má gbé e dé òkè pátápátá, torí tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì fóltéèjì máa ń fò sókè kọjá ohun tẹ́ ẹ kọ, HWiNFO ò sì ní yára tó láti rí i.

Ní ti ooru, 98°C ni 2500K ti máa ń dín eré kù fúnra ẹ̀, èmi ò fẹ́ kó kọjá 80. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí YouTube, yàrá tó tutù ni wọ́n wà, tí yàrá yín n'Íbàdàn bá jẹ́ 33°C lóṣù March, ẹ fi bíi 10 kún nọ́mbà wọn.

Tó bá wá di pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà tó ń lọ dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe blue screen (ojú búlúù tó máa ń yọ tí Windows bá kú), ẹ má fi fóltéèjì kún un o. Ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tó bá ń kú síbẹ̀ lórí nọ́mbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yẹn, tí RAM àti power supply ò sì ṣe nǹkan kan, wáyà inú ẹ̀ ló ti jẹ, òmíì lẹ máa rà.